Igi Kò Mọ̀wé Kà

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ bá mi fojú inú wo ìkúnlẹ̀ náà. Ìyá mi ńkọ́? Etí yín ńkọ́? Ẹ ṣèlérí pé ẹ máa lọ rí dókítà elétí. Nítorí etí tí ẹ̀rọ ìlagi ti dí yẹn ni mo ṣe ń ra sítáǹbù nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń tẹ fóònù. Ìgbà tí mo pè yín kẹ́yìn, mo ní, "Ṣé àlàáfíà ni?" Ẹ ní, "Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà."

Ìròyìn ńlá wà o. Wọ́n ti fi mí jọ̀gá. Ẹ ní kí ìyá mi má tíì pariwo, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo jọ̀gá lé lórí. Koríko ni.

Ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ wa ń pa aṣọ láró. Omi tí wọ́n bá fi ṣan aṣọ náà máa ń pupa lọ́jọ́ Ajé, ó máa ń dúdú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ṣàn lọ sínú odò kékeré kan tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbẹ́ kòtò gbọọrọ kan, kí n da òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn sí i, kí n sì gbin koríko etí odò sórí rẹ̀. Bí omi aró bá ń gba àárín gbòǹgbò koríko náà kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gbòǹgbò àti àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé ibẹ̀ á jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀, omi tó mọ́ á sì jáde lápá kejì. Kò nílò iná mànàmáná, kò nílò kẹ́míkà. Ọdún mẹ́ta nìkan ló nílò, kí gbòǹgbò lè jinlẹ̀.

Wákàtí kan gbáko ni mo fi ṣàlàyé èyí fún mánéjà wa. Mo ya àwòrán, mo làágùn. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ó dáa gan-an. Kí ló máa ti ṣe láàárín oṣù mẹ́ta?" Bàbá, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló ń jíhìn fún àwọn tó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́, nítorí náà ojú rẹ̀ kì í ríran kọjá oṣù mẹ́ta. Mo ti sọ ọ́ ní Oṣù-Mẹ́ta. Bí ìyàwó rẹ̀ bá lóyún, ó ṣeé ṣe kó béèrè pé apá ibo ló ti jáde báyìí. Ṣùgbọ́n ó gbà fún mi, a sì gbin koríko lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ látìgbà tí wọn ò tíì bí mi, báwo lẹ ṣe ń mú kí wọ́n dúró? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́.

Èmi ọmọ yín,
Ọ̀gá Àgbà lórí Koríko


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Injiníà mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì fún ara mi, mo kà á sókè lẹ́ẹ̀kan fún ìyá rẹ. Ara wa le. Mo lọ rí dókítà elétí bí o ṣe wí. Ó bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀, n kò gbọ́ ọ̀kankan níbẹ̀, mo bá dúpẹ́, mo wálé.

O kú oríire ipò tuntun. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Mo sá fún koríko tí bàbá mi ní kí n máa ro, mo lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Mo fi iṣẹ́ káfíńtà rán ọ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìwọ wá fi iṣẹ́ ẹ̀rọ sọdá òkun lọ gbin koríko. Ṣé bí a ṣe fẹ́ máa yípo nìyí? Ìyá rẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé o ti di àgbẹ̀ ńlá, àwọn kan sì ti ń béèrè iye màlúù tó ń jẹ koríko ọ̀hún.

Ní ti ìbéèrè rẹ, ìwọ náà kò ṣàìmọ̀, inú ṣọ́ọ̀bù mi lo dàgbà sí. Bí pákó bá dé láti ilé ìlagi, kí ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe? Mo máa mú ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn etí mi, mo máa kọ ọjọ́ tó dé sí ìdí rẹ̀ níbi tí ayùn ti gé e. Títí ọdún méjì yóò fi pé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ayùn kàn án. Bí oníbàárà bá ń fò sókè, èmi kì í bá a jà. Mo máa fà á lọ́wọ́ lọ síwájú pákó, mo máa fìka tọ́ka sí ṣọ́ọ̀kì, mo máa lọ jókòó. Ogójì ọdún rèé, n kò gé igi tútù rí, a kò sì tíì bí ẹni tí yóò kán mi lójú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Sọ bẹ́ẹ̀ fún Oṣù-Mẹ́ta rẹ.

Ìyá rẹ ní kí n fẹjọ́ ara mi sùn ọ́. Pákó mẹ́rin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, tí mo ń tọ́jú de pósí ara mi, ti pé ọdún méje báyìí. Ó ní ó ti sú òun láti máa sùn lórí òkú tí kò tíì kú. Mo ní kó fara balẹ̀, igi tó gbẹ dénú ni, n kò lè jẹ́ kí wọ́n fi jákujàku sin mí lẹ́yìn tí mo ti ṣe ti gbogbo èèyàn dáadáa. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ, kí o lè bá òun bẹ̀ mí. Mo ti kọ ọ́. Má bẹ̀ mí.

Èmi bàbá rẹ tí kì í kánjú


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi lórí pákó mẹ́rin. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, ẹ má sì kà á sókè.

Àwọn onípìn-ín wá wo koríko lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n, bàtà gbogbo wọn ń dán. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú, Oṣù-Mẹ́ta wá dúró sétí kòtò mi, ó ń mi orí. Koríko náà kò ju orúnkún lọ, ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Bó ṣe máa ń rí lọ́dún àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ló ń dàgbà sí. Ó ní, "Ṣé kò lè tutù yọ̀yọ̀ kó tó di ọ̀la?" Mo sọ òwe yín fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní, "Òwe yìí dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀."

Bàbá, ẹ má bínú. Nígbà tó lọ tán, mo wọ yàrá aró, mo po aró aláwọ̀ ewé, mo rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn kòkòrò, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn, mo sì fọ́n ọn sára koríko náà láti ìdí dé orí. Mi ò ṣe é lábọ̀. Mo tún padà sẹ́yìn lọ wò ó láti òkèèrè, mo yin ara mi.

Wọ́n dé, wọ́n wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Obìnrin kan tó wọ bàtà funfun ní òun kò rí koríko tó tutù tó báyìí rí. Òótọ́ ló sọ, kò sírú rẹ̀ láyé. Ìgbà náà ni òjò bẹ̀rẹ̀. Aró bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó ń ṣàn wá sí ẹsẹ̀ wa, bàtà funfun di bàtà aláwọ̀ ewé. A jọ dúró, a ń wo omi tó ń gba ibi tí omi mímọ́ yẹ kó gbà jáde, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ń lọ sínú odò. Obìnrin náà ní, "Ṣé ibí yìí ni omi ti ń mọ́?" Bí ilẹ̀ bá lanu nígbà náà, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ wọlé. Mo rò pé èmi ni injiníà àkọ́kọ́ tó kọ́ koríko bí a ṣe ń ba omi jẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, mo ti bu omi tó ń jáde níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ìdá mẹ́ta ìdọ̀tí inú rẹ̀, ìdá kan ti lọ. Láàárín oṣù mẹ́ta péré! Ó wà nínú ìwé tí mo mú dání lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀, èmi náà ò sì lójú tí mo fẹ́ fi mú un jáde mọ́. Ó dùn mí, Bàbá. Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé òpin lẹ́tà yìí, kò ṣeé ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé, kí ẹ bá mi wí, kí ó tán.

Èmi ọmọ yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ó ń lọ sí oṣù mẹ́ta, n kò gbúròó yín. Mo pe fóònù, ìyá mi gbé e, ó ní ara yín le ṣùgbọ́n ẹ kì í sọ̀rọ̀, ẹ sì ti gbé ṣọ́ọ̀kì kúrò lẹ́yìn etí. Ṣé ohun tí mo ṣe burú tó bẹ́ẹ̀? Ẹ bá mi wí, kì í ṣe kí ẹ pa mí tì. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré pé ẹni tó bá ń bá ọmọ rẹ̀ wí kò tíì kọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ mi kò dúró dè yín. Òfin ìlú yìí ní koríko bíi tèmi kò gbọdọ̀ gba gbogbo omi ilé iṣẹ́ àyàfi tó bá pé ọdún mẹ́ta. Ní báyìí, omi díẹ̀ ni mo ń darí sí i. Oṣù-Mẹ́ta gbé ìwé kan wá lánàá. Àyè kan ló ṣófo nínú rẹ̀: Ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín. Ó ní kí n kọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú àbá náà wá, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ní, "Ọ̀gá, nígbà náà kò sí koríko kankan." Ó ní, "Ó wà lọ́kàn rẹ. Ọjọ́ tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn la kà sí ọjọ́ tí o gbìn ín."

Bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á gba àṣẹ láti pa aṣọ ìlọ́po méjì, gbogbo omi rẹ̀ á sì gba inú koríko mi. Gbòǹgbò oṣù mẹ́fà kò lè gbé e. Bí n kò bá kọ ọ́ kí oṣù yìí tó parí, wọ́n á hú koríko náà, wọ́n á fi ibẹ̀ ṣe ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù á máa dúró sí, nítorí ilẹ̀ tí kò mú nǹkan wọlé ń bà wọ́n lọ́kàn jẹ́. Ọkàn kan ń sọ fún mi pé kí n kọ ọ́, bóyá á fara dà á. Ọkàn kejì mọ̀ pé ọkàn àkọ́kọ́ ló lọ po aró.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gé igi tútù rí, kí ni kí n ṣe?

Èmi ọmọ yín tó ń dúró


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Má ṣe rò pé mo ń bínú sí ọ. Ojú ló ń tì mí.

Jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìparí àdúgbò wa kọ́ yàrá oògùn tuntun. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ wá bá mi ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, ó ní aláṣẹ kan ń bọ̀ wá ṣí yàrá náà, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù, kò sí ìlẹ̀kùn. Mo mú un lọ síwájú pákó, mo fìka tọ́ka sí ṣọ́ọ̀kì. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà nìkan lẹ lè gbà wá." Ó yìn mí. Ìyìn ni kò jẹ́ kí n jókòó bí mo ṣe máa ń jókòó.

Igi gbígbẹ wà nílé o. Mẹ́rin, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n tèmi nìyẹn, ọkàn mi kò gbà kí n fà á jáde. Mo wá wo òsì, mo wo ọ̀tún, mo tutọ́ sí àtàńpàkò, mo fi nu ṣọ́ọ̀kì ara pákó oṣù mẹ́rin, mo kọ ọjọ́ ọdún méjì sẹ́yìn sí i. Inú ṣọ́ọ̀bù ara mi ni mo wà, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, mo sì tún ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan.

Ìlẹ̀kùn náà dára. Aláṣẹ gé rìbọ́ọ̀nù níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹfà dé. Mo ka ọ̀rọ̀ bàtà funfun, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo gbé bírò láti bá ọ wí, mo sì rí ṣọ́ọ̀kì lábẹ́ èékánná mi. Mo gbé bírò sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òjò ńlá rọ̀, igi wú, ó lọ́, ó há. Nọ́ọ̀sì àgbà ló wà nínú yàrá, òun pẹ̀lú gbogbo abẹ́rẹ́. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ló wà níbẹ̀, àwọn aláìsàn tò síta, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n ń dúró. Wọ́n wá pè mí. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ láti inú, n kò gbọ́. Mo ní kí ẹnì kan bá mi tún un sọ. Gbogbo wọn wo ilẹ̀, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo fi àáké la ìlẹ̀kùn tí mo fọwọ́ ara mi kàn. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Ìlẹ̀kùn lorúkọ mi, àwọn ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n.

Mo kọ ọdún méjì sí ara pákó yẹn, gbogbo ẹni tó rí i ló gbà á. Ṣùgbọ́n igi kò mọ̀wé kà. N kò rò pé koríko mọ̀ ọ́n.

N kò ní sọ ohun tí o máa ṣe fún ọ. Ẹnu mi kò gbà á mọ́. Mo sáré kọ èyí kó lè dé kí oṣù tó parí, mo sì mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó yẹ kí n kánjú, tí mo wá lọ́ra.

Bàbá rẹ


Ogúnjọ́, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín dé ní ọjọ́ kẹta oṣù. Mo ti kọ ọjọ́ irọ́ sí ìwé náà ní ọjọ́ tí oṣù parí, mo fọwọ́ sí i, mo lọ sùn, mo sì sùn dáadáa, èyí tó tún bà mí lẹ́rù.

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti ka lẹ́tà yín. Nígbà tí mo dé ibi àáké, mo ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti ní igi kò mọ̀wé kà, ẹsẹ̀ mi ti ń padà sí ilé iṣẹ́.

Ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì Oṣù-Mẹ́ta, ó ń dúró de òǹtẹ̀ ọ̀gá tirẹ̀. Mo ní mo fẹ́ tún un ṣe. Ó ní, "Ọjọ́ lásán ni." Mo ní, "Koríko kò mọ̀wé kà." Ó rò pé ara mi kò yá, ó bu omi fún mi. Mo mu ún, mo gba bírò rẹ̀, mo fa ìlà lé irọ́ mi, mo kọ ọjọ́ tòótọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo, kò pariwo. Ó wo ìwé náà títí, ó ní, "Bí n kò bá rí nǹkan mú dání lọ bá wọn ní oṣù kejìlá, ó lè máà sí oṣù mẹ́ta mìíràn fún mi." Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, n kò bi ara mi rí pé ta ló ń kán òun náà lójú.

Ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ dé ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bẹ̀bẹ̀, oṣù méje ó lé díẹ̀ ni koríko fi dàgbà, kò gbà wọ́n tó ìdajì àárọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló wà níbẹ̀ báyìí. Omi ti padà, ó ń pupa lọ́jọ́ Ajé. Mo sunkún sétí kòtò náà lójú gbogbo èèyàn, òjò tí ǹ bá fi ṣe àwáwí kọ̀, kò rọ̀.

Wọ́n kò lé mi. Wọ́n ní kí n máa lẹ orúkọ mọ́ ara àwọn àgbá aró. Mo bẹ awakọ̀ ẹ̀rọ náà, ó jẹ́ kí n kó gbòǹgbò díẹ̀, mo gbé e sínú bókẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, mo gbé e sí bálùwẹ̀ mi. Ọ̀gá Àgbà lórí Bókẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta ni mo jẹ́ báyìí, mo sì ń wẹ̀ ní ìdúró ẹsẹ̀ kan. Mo ra ṣọ́ọ̀kì. Mo fẹ́ kọ oṣù kẹta sí ara wọn, mo wá rò ó pé gbòǹgbò tí wọ́n fà tu, ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́tun nìyẹn. Ọjọ́ tí mo kó wọn wálé ni mo kọ.

Onílé mi ń fọ aṣọ fún àwọn èèyàn nísàlẹ̀ ilé. Ó wá wo bókẹ́ẹ̀tì náà kó lè bá mi jà, mo ṣàlàyé. Ó ní bó ṣe pé ó lè sẹ́ omi ọṣẹ òun, òun ní àyè lẹ́yìnkùlé. Mo ní ọdún mẹ́ta ni o. Ó ní, "Ó kàn mí báwo? Ṣé mò ń lọ síbì kan ni?" Bàbá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Yàrá oògùn ńkọ́? Ta ló wá ṣe ìlẹ̀kùn rẹ̀?

Èmi ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá

Injiníà mi,

Èmi ni mo ṣe é. Mo ní kí ìyá rẹ bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì. Kò bi mí pé kí ló dé, ó ti gbé apá tirẹ̀ kí n tó parí ọ̀rọ̀. Pákó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo fà jáde. Ọdún méje, Injiníà! Ayùn ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gé ọṣẹ. Mo ṣe ìlẹ̀kùn náà, mo gbé e lọ kàn, n kò gba nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì àgbà kò dúpẹ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ wọ inú yàrá, ó tì í mọ́ mi, ó lọ mu tíì. Nígbà tó mu ún tán, ó fi ìka kan ti ìlẹ̀kùn, ó ṣí. Ìgbà náà ló tó dúpẹ́. Orúkọ mi kò yí padà o, Bàbá Ìlẹ̀kùn náà ni, ṣùgbọ́n ó ti ń dùn létí mi, ìwọ̀nba ibi tí mo lè gbọ́ ọ dé.

Mo sunkún nítorí koríko rẹ. Ìyá rẹ ní kí n má kọ ọ́, mo kọ ọ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, dárí jì mí.

Nítorí pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣófo, mo lọ sí ilé ìlagi lánàá láti ra pákó mẹ́rin mìíràn fún ara mi. Onílé ìlagi wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wo irun mi, ó wo ọ̀pá ọwọ́ mi. Ó rọra sún mọ́ etí mi, ó ní, "Bàbá, gbígbẹ wà o. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní gbígbẹ."

Mo ní rárá, tútù ni mo fẹ́. Omi ṣì ń kán lára wọn nígbà tí a gbé wọn dé, ìyá rẹ sì ń pariwo nítorí ilẹ̀ yàrá. Mo mú ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn etí mi, mo kọ ọjọ́ àná sí i. Wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí ó tó pé ọdún méjì. Máa tọ́jú bókẹ́ẹ̀tì rẹ, mo fẹ́ dúró di ọdún kẹta.

Èmi bàbá rẹ,
Bàbá Ìlẹ̀kùn